Kí àrùn rọpárọsẹ̀ má baà ti ṣọ́ọ̀bù yín pa: Ohun tí ìwádìí ìṣègùn fi hàn nípa ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹni tó bá ra jẹnẹrétọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ máa yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò. Kò ní dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá daṣẹ́ sílẹ̀ kó tó ṣí i wò, nítorí ó mọ̀ pé owó tí wọ́n fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ju owó ọ́ìlì lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń gbàgbé pé ẹ́ńjìnnì kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ju jẹnẹrétọ̀ lọ, ìyẹn ara ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún gan-an. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé kí ló gbé ọ̀rọ̀ dókítà wá sójú ìwé ọrọ̀ ajé. Ìdáhùn rẹ̀ kò le rárá. Ilé iṣẹ́ ńlá lè pàdánù ọ̀gá kan lónìí, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Òwò kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan náà ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà, òun ló mọ oníbàárà tó jẹ gbèsè, òun ni báńkì mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wólẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣe ni òwò náà á dùbúlẹ̀ tì í.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ ni pé àwọn oníwàádìí ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí láàrin ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kì í sì í ṣe láàrin àwọn òyìnbó nìkan. Wọ́n ṣe é n'Íbàdàn, wọ́n ṣe é l'Ábẹ̀òkúta, wọ́n ṣe é l'Ábùjá. Ohun tí gbogbo rẹ̀ sì já sí ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú rọpárọsẹ̀ tó ń ṣe àwọn èèyàn wa, pé ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kò wọ́n, àti pé àwọn oògùn tó ń bá a jà wà, tí wọ́n ti dán wò lára àwa aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ Áfíríkà níbí.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ dà bíi páìpù omi

Ọkàn èèyàn ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú àwọn iṣan bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ṣe ń ti omi sínú páìpù. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan yìí là ń pè ní ìfúnpá, òun náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní BP. Bí agbára omi bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sì dẹwọ́ tọ̀sán-tòru, páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni ti iṣan. Ẹ̀jẹ̀ ríru á sọ ara iṣan di líle, á jẹ́ kí ọ̀rá rí ibi lẹ̀ mọ́, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á wá há.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú iṣan tó há bẹ́ẹ̀, tó sì dí ọ̀nà tó lọ sí ọpọlọ, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ nínú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé iṣan ọ̀hún kò dí, ṣe ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ya sínú ọpọlọ. Oríṣi méjèèjì là ń pè ní rọpárọsẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣan tó ń bọ́ ọkàn ló dí, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Bó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, onítọ̀hún á rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa dùn ún, á dúró sinmi, á tún máa lọ. Kíndìnrín pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó burú jù nínú ẹ̀jẹ̀ ríru ni pé kì í sábà dun èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí orí kò bá ti fọ́ àwọn, tí ojú kò sì ṣú, ẹ̀jẹ̀ àwọn kò ru nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri fún ọdún mẹ́wàá, kó máa ru ẹrù, kó máa jó lóde àríyá, kó má sì mọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ òótọ́ fún un.

Ìwádìí tó parí ìjà àwọn dókítà

Ó lè ya ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ́nu pé ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà fúnra wọn ṣì ń jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n máa fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru ní oògùn. Àwọn kan nínú wọn gbà pé ara ló mọ ìdí tó fi ti ẹ̀jẹ̀ sókè, pé bí wọ́n bá fà á wálẹ̀, ó lè ṣe ìpalára.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ fún àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí ló là wọ́n níjà. Dókítà Edward Freis ló ṣáájú rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1967. Ọkùnrin 143 ni wọ́n kó jọ, tí nọ́mbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá wọn wà láàrin 115 sí 129, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí nọ́mbà ọ̀hún ju 90 lọ. Wọ́n ṣẹ́ gègé lórí wọn. Àwọn 73 gba oògùn gidi, àwọn 70 yòókù gba hóró tó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo gègé yẹn, nítorí ọwọ̀n tó gbé irú ìdánwò oògùn báyìí dúró nìyẹn. Ká ní ẹ̀yin jẹ́ oníbúrẹ́dì, ẹ ní oríṣi ìyẹ̀fun méjì, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó dáa jù. Bí ẹ bá gbé ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ fún ọmọọṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù, tí ẹ gbé èkejì fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, ẹ kò ní lè sọ bóyá ìyẹ̀fun ló mú búrẹ́dì wú ni, àbí ọwọ́ ọmọọṣẹ́. Gègé ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá wá jáde lẹ́yìn náà, a mọ̀ pé oògùn ló fà á.

Ìyàtọ̀ sì jáde lóòótọ́. Láàrin àwọn tí kò gba oògùn gidi, ìṣẹ̀lẹ̀ tó lágbára, tí ikú wà lára rẹ̀, ṣẹlẹ̀ nígbà 27. Láàrin àwọn tó gba oògùn, ìgbà méjì péré ni. Àríyànjiyàn parí lórí àwọn tí ìfúnpá wọn ga tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e sì fi hàn pé oògùn wúlò fún àwọn tí tiwọn kò ga tó yẹn náà. Ìbéèrè tó kù ni pé: àwa tí a wà nílẹ̀ Áfíríkà ńkọ́?

Ohun tí wọ́n rí ní Nàìjíríà àti Ghana

Ìwádìí kan tó dáhùn apá kan ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń pè ní SIREN. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bruce Ovbiagele tó ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà ló ṣáájú rẹ̀. Owó àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é, ní àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà àti Ghana, tí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin wà lára wọn. Láti ọdún 2014 títí di ọdún 2017 ni wọ́n fi ń gba àwọn èèyàn sínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò ní ṣòro fún oníṣòwò láti lóye. Bí ṣọ́ọ̀bù méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń ta ọjà kan náà, tí ọ̀kan wá kógbá sílé tí èkejì ṣì dúró, ẹ ó béèrè pé kí ni èyí tó kógbá sílé ṣe tí èkejì kò ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n mú èèyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ ṣe, tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí sì ti jẹ́rìí sí i. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n wá ẹlòmíràn tí àrùn náà kò ṣe rí, tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tí wọ́n sì jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn ìfúnpá gbogbo wọn, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí wọ́n sì bi wọ́n léèrè oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn.

Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet Global Health lọ́dún 2018. Ohun 11 ni wọ́n rí tó ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ìṣirò wọn sì fi hàn pé ohun 11 yìí lápapọ̀ so mọ́ ìdá 98.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn rọpárọsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo wọn, òun nìkan so mọ́ bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àwọn yòókù ni ọ̀rá tí kò dáa nínú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn tó tóbi, àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí èèyàn ń bù sórí oúnjẹ tó ti wà níwájú rẹ̀, àìsàn ọkàn, jíjókòó sójú kan láìṣe eré ìdárayá, àti sìgá mímu. Ẹnì kan ṣoṣo lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn pọ̀, ìdí nìyẹn tí ìpín wọn fi ń wọnú ara wọn.

Ẹ wo bí èyí ṣe jọ ìgbé ayé ọjà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oníṣọ́ọ̀bù wà lórí àga. Ìrẹsì àti ẹran ni wọ́n gbé wá fún un láti ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, ẹ̀fọ́ kò sí níbẹ̀, ó sì tún bu iyọ̀ sí i. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń ro owó ilé, ó ń ro gbèsè tí oníbàárà kò san. Ọjọ́ orí àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣe nínú ìwádìí ọ̀hún, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 59. Ìyẹn ni ìgbà tí òwò ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ọmọ ṣì wà ní yunifásítì.

Àmọ́ a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Irú ìwádìí báyìí ń tọ́ka ni, kì í fi gbogbo ara ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ohun méjì ń rìn pọ̀ kò fi dandan sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣẹ́ gègé sí ti kín in lẹ́yìn. Ní ti àwọn nǹkan bíi ẹran, ìtọ́kasí ṣì ni, kéèyàn fi ọgbọ́n jẹ ẹ́.

Oògùn wo pẹ̀lú oògùn wo?

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ló nílò ju oríṣi oògùn kan lọ kí ìfúnpá wọn tó wálẹ̀ dé ibi tó yẹ. Èwo ló wá yẹ kí wọ́n pa pọ̀ mọ́ èwo fún aláwọ̀ dúdú? Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CREOLE ló lọ wá ìdáhùn yẹn. Dókítà Dike Ojji, oníṣègùn ọkàn l'Ábùjá, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bongani Mayosi ti Cape Town wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Mayosi ti kú lọ́dún 2018 kí àbájáde tó jáde nínú New England Journal of Medicine lọ́dún 2019.

Èèyàn 728 láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n ṣẹ́ gègé lé lórí sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn àkọ́kọ́ gba amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, àwọn èkejì gba amlodipine pẹ̀lú perindopril, àwọn ẹ̀kẹta sì gba perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá tó ń wọn ìfúnpá wọn fún wákàtí 24 gbáko. Ẹgbẹ́ méjèèjì tí amlodipine wà nínú tiwọn ni nọ́mbà òkè wọn fi bíi 3 wálẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ kẹta lọ.

Ẹnì kan lè ní kí ni 3 já mọ́. Oníbúrẹ́dì tó ń jèrè náírà mẹ́ta péré lórí búrẹ́dì kan lè má ka owó náà sí, ṣùgbọ́n bó bá ti ta ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì, ó ti di owó gidi. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́mbà kékeré yìí ṣe ń rí láàrin àwọn èèyàn tó pọ̀. Ohun tó tún dùn mọ́ni ni pé amlodipine kì í ṣe oògùn tuntun. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kì í ṣe ọ̀kan, kì í sì í ṣe méjì, èyí ni kò jẹ́ kó jẹ́ ọjà ẹnì kan ṣoṣo.

A kò sọ pé kí ẹ sáré lọ ra á o. Amlodipine lè mú kí ẹsẹ̀ àwọn kan wú, perindopril kò sì dára fún aláboyún. Dókítà ló mọ èyí tó bá ara kálukú mu. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ bi í léèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń bi ẹni tó fẹ́ ta ọjà fún yín, pé kí ló dé tó fi jẹ́ eléyìí ni ẹ kọ fún mi.

Oògùn mẹ́ta nínú hóró kan

Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀, ìyẹn ni ti hóró tó pọ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lo oògùn mẹ́ta lójoojúmọ́ á rántí ọ̀kan, á gbàgbé ìkejì, ìkẹta á tán kó tó rántí rà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwàádìí fi gbé hóró kan jáde tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré: telmisartan, amlodipine àti indapamide. Wọ́n dán an wò l'Ábùjá lára èèyàn 300, Dókítà Ojji yìí kan náà ló tún ṣáájú. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Àwọn kan gba hóró tuntun náà, àwọn yòókù gba ìtọ́jú tí ètò ìjọba Nàìjíríà là kalẹ̀, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí amlodipine.

Ìwé ìṣègùn JAMA gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2024. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́mbà òkè àwọn tó lo hóró alápapọ̀ fi 31 wálẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nílé, ti àwọn yòókù fi 26 wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nílé ìwòsàn, 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo hóró tuntun ni ìfúnpá wọn wà lábẹ́ 140 lórí 90, 72 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni tàwọn yòókù. Ilé iṣẹ́ tó ni hóró náà lọ́wọ́ sí ìnáwó ìwádìí ọ̀hún, ó sì yẹ kí òǹkàwé mọ ìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́mbà tó yẹ kí oníṣòwò dì mú nínú gbogbo èyí ni 72 yẹn. Kò sí hóró tuntun kankan lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Oògùn tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni wọ́n fún wọn. Wọ́n kàn ń tẹ̀lé ètò ni: wọ́n ń wọn ìfúnpá wọn, wọ́n ń fi kún oògùn bí kò bá tó, wọ́n sì ń padà wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Ìyẹn nìkan mú bíi méje nínú mẹ́wàá wọn dé ibi tó yẹ. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń dúró de oògùn ìyanu ń fi àkókò ṣòfò.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀, àjọ WHO àti àjọ Resolve to Save Lives bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò láti gbé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò, kó má baà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni wọ́n ti ń rí i.

Bí ẹ ó ṣe wọn ìfúnpá yín kó tó pé

Ẹni tó ń ta nǹkan lórí òṣùwọ̀n mọ̀ pé bí òṣùwọ̀n kò bá dúró dáadáa, irọ́ ló máa pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá. Ẹ má ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ tán kí ẹ na apá sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá yín sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ẹ má sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì tún lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Bó bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà, bí ara yín tilẹ̀ le koko. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ nọ́mbà àti ọjọ́ sínú rẹ̀, bí ẹ ṣe ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹgbẹ́ ọjà pàápàá lè dá owó ra ẹ̀rọ kan, kí wọ́n fi síbi ìpàdé, kí wọ́n sì ní kí nọ́ọ̀sì kan wá fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n.

Ẹni tí wọ́n bá ti fún lóògùn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé nọ́mbà ti wálẹ̀. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé òjò kò pa òun, tó wá torí ẹ̀ ju agboorùn nù nínú òjò, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, aago ni kí ẹ máa wò

Bí ẹ bá rí i tí ojú ẹnì kan wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí apá kan kò ṣeé gbé sókè mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ wo aago kí ẹ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà lára èèyàn 624, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1995, fi hàn pé oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì lè dín àbùkù ara kù bí wọ́n bá fún aláìsàn láàrin wákàtí mẹ́ta. Lọ́dún 2008, ìwádìí mìíràn ní ilẹ̀ Yúróòpù sún un dé wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀.

Oògùn ọ̀hún kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn wa, kò sì yẹ fún gbogbo aláìsàn. Ṣùgbọ́n kò sí ìtọ́jú tí ìdádúró kì í bà jẹ́. Bákan náà, ẹ má ṣe fún un ní aspirin nílé. Bó bá jẹ́ iṣan ló bẹ́, aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya sí i. Ojú lásán kò sì lè mọ̀ bóyá iṣan dí ni tàbí ó bẹ́. Àwòrán nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ. Kí wọ́n má kọ́kọ́ gbé e kiri ilé aládùúrà tàbí ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ nígbà tí aago ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tí a fẹ́ lò yìí o, kí kálukú fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń mú èrè 5,000 náírà wọlé lójúmọ́, tó sì ń ṣí fún ọjọ́ 26 lóṣù. Èrè oṣù kan jẹ́ 130,000 náírà. Bí rọpárọsẹ̀ bá tì í pa fún oṣù mẹ́fà, èrè tó sọnù jẹ́ 780,000 náírà, láì tíì ka owó ilé ìwòsàn, owó ilé ṣọ́ọ̀bù àti ọjà tó bàjẹ́. Ká wá ní oògùn àti yíyẹ ara wò ń gba 6,000 náírà lóṣù. Ọdún kan jẹ́ 72,000 náírà. Èrè oṣù mẹ́fà tó sọnù yẹn tó ra oògùn ọdún mẹ́wàá, owó á tún ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, ẹ fi owó oògùn sára ìnáwó òwò, bí ẹ ṣe ń ṣe fún epo àti iná. Ẹ wádìí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín, bíi Ìlera Èkó ní ìpínlẹ̀ Èkó àti OYSHIA ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí wọ́n ń gba oníṣòwò kékeré náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ohun tí owó yẹn bo. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mọ orúkọ àwọn tí ẹ ń bá rajà àti àwọn tó jẹ yín ní gbèsè.

Bí ẹnì kan bá ní "ìwádìí fi hàn"

Ní ibùdókọ̀, nínú ọjà àti lórí rédíò, àwọn tó ń ta àgbo inú ìgò àti oríṣiríṣi tíì máa ń sọ pé ìwádìí fi hàn pé ọjà àwọn ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin dá wọn lóhùn. Èèyàn mélòó ni wọ́n dán an wò lára wọn? Ta ni wọ́n fi wọ́n wé? Ṣé wọ́n ṣẹ́ gègé? Ta ló gbówó rẹ̀ kalẹ̀, níbo ni àbájáde rẹ̀ sì ti jáde? Ẹ tún wo ara ìgò náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ egbòogi tí NAFDAC fún ní nọ́mbà ló ń kọ ọ́ sára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò. Nọ́mbà yẹn kò sọ pé ó ń wo àrùn sàn.

Bó bá sì jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló pè yín pé kí ẹ wá wọ inú ìwádìí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì sáré. Òfin ìwádìí ìlera tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2007 sọ pé ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ ti yẹ ìwádìí náà wò, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, àti pé ẹ lè jáde nígbàkígbà tó bá wù yín. Bí èdè òyìnbó kò bá yé yín dáadáa, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Bí kò bá sí àwọn tó gbà láti wọ SIREN àti CREOLE, títí dòní ni à bá ṣì máa fi ìwọ̀n àwọn òyìnbó wọn ara wa.

Kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, ẹ yà sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò tàbí ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tó ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oníbàárà tó bá dé kí ẹ tó dé á dúró dè yín, ọjà tí ẹ kò tà láàárọ̀, ẹ ó tà á lọ́sàn-án.